Níbo Ni Ooru Káàdì Yìí Ń Gbà Jáde?

Ọ̀rọ̀ káàdì gíráfíìkì kan, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán géèmù sójú rẹ̀, jẹ mí lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra káàdì kan náà. Chip kan náà, ìyẹn ọpọlọ káàdì, ló wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ló tò ó, kódà páálí méjèèjì bára mu wẹ́kú. Géèmù kan náà ni wọ́n jọ ń gbá. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, káàdì méjèèjì á jọ máa sáré dọ́gba-dọ́gba. Tó bá wá tó bí ogún ìṣẹ́jú, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà, ti àbúrò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, fáànù rẹ̀ á sì máa pariwo débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì á mọ̀ pé ogun ti gbóná nínú géèmù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ló wí fún mi. "Ó jọ pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ayédèrú ni wọ́n gbé fún mi."

Mo yẹ káàdì náà wò. Ayédèrú kọ́. GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ káàdì wò, ka orúkọ chip rẹ̀ àti iye mẹ́mórì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá ohun tó wà lára páálí mu. Kò sí òórùn ohun tó jóná, kò sí fáànù tó ń há. Mo ní ojúlówó ni. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ojúlówó, kí ló dé tí kò lè ṣe tó ti ọ̀rẹ́ mi?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Òun ní tiẹ̀ ti pinnu ohun tó máa ṣe: á ta káàdì náà, á fowó kún un, á ra èyí tó lágbára jù ú lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè díẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ọkàn mi ò sì gbà pé káàdì yẹn ni ẹ̀tẹ̀.

## Kì í sọ pé ìyà ń jẹ òun

Láyé àtijọ́, tí ooru bá pọ̀ jù fún káàdì gíráfíìkì, wàá mọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà á kún fún àwọ̀ rúdurùdu, tàbí kí gbogbo ẹ̀ kàn kú pii. Àwọn tòde òní ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní 2012 ni Nvidia, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip káàdì, gbé ètò GPU Boost jáde pẹ̀lú káàdì GTX 680, AMD tó ń bá a figagbága náà ní irú tiẹ̀, káàdì sì ti wá ń fúnra rẹ̀ pinnu bó ṣe máa sáré tó. Ó ń wo iye iná tó ń jẹ, ó ń wo fóltéèjì, ó ń wo ìwọ̀n ooru. Tí àyè bá gbà á, á sáré kọjá iye tí wọ́n kọ sára páálí. Tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, á rọra máa dín eré kù.

Kì í dúró dìgbà tó bá fẹ́ẹ́ jóná kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá ti ń gòkè ní ìwọ̀nba dígírì díẹ̀, eré náà á ti máa wálẹ̀ ní ìwọ̀nba díẹ̀. Ìkìlọ̀ kankan ò ní jáde sójú kọ̀ǹpútà. Géèmù ò ní dúró. Gbogbo ohun tí wàá mọ̀ ò ju pé bó ṣe ń yọ̀ geere nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ ti dín kù, o lè máa rò pé ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́. Ẹni tí kò bá ní káàdì míì tó máa fi wé tiẹ̀ lè lò ó títí táá fi gbó, láìmọ̀ pé ohun tí òun sanwó rẹ̀ kọ́ lòun ń rí gbà. Oríire àbúrò mi ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra irú rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo fi HWiNFO àti RivaTuner, ètò méjì tó ń ka ìwọ̀n ara ẹ̀rọ, sórí kọ̀ǹpútà náà, mo sì ní kí wọ́n máa fi nọ́ńbà mẹ́rin hàn wá ní igun kan bí a ṣe ń gbá géèmù lọ: ìwọ̀n ooru chip, ìwọ̀n ooru hotspot, ìyẹn ibi tó gbóná jù lọ lára chip náà, eré tó ń sá ní MHz, àti wáàtì tó ń jẹ. Mẹ́rin yẹn tó. Àwọn kan máa ń to nọ́ńbà jánrẹrẹ sójú kọ̀ǹpútà débi pé wọn ò ní rí ọ̀tá tó ń bọ̀ wá pa wọ́n.

## Ìgbà tí a ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́

Káàdì àbúrò mi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 300. A jẹ́ kó gbóná dáadáa. Àbúrò mi wọ ibì kan nínú géèmù tí igbó àti òjò pọ̀ sí, ó dúró síbẹ̀ láìmira, kí iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe má bàa máa yí padà. Chip wà ní 83°C, hotspot wà ní 97°C, wọn ò gòkè mọ́, wọn ò sì wálẹ̀. Fáànù ń ké.

Mo wá bọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Síkúrù méjì tí wọ́n ń fọwọ́ tú ló di gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mú. Mo tú wọn, mo rọra fa gíláàsì náà yọ, ooru kan sì yọ sí mi lójú. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan míì. Mo padà wá jókòó tì í, àwa méjèèjì ranjú mọ́ igun ojú kọ̀ǹpútà. 83 di 81. Ó di 78. Ó lọ́ra díẹ̀ ní 74, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí 71. Hotspot ń tẹ̀ lé e wálẹ̀ títí ó fi dé 84. Bí àwọn yẹn ṣe ń wálẹ̀ ni MHz ń gòkè, ariwo fáànù sì rọlẹ̀ débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òjò inú géèmù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀kùn ni mo ṣí."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. A yí kọ̀ǹpútà náà sí wa láti wo iwájú rẹ̀. Gíláàsì dúdú kan ló bo gbogbo iwájú kéèsì náà, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà, ó ń dán, ó wuyì, fáànù mẹ́ta tó ń tan iná aláràbarà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ibi tí àwọn fáànù yẹn ti máa rí afẹ́fẹ́ fà kò ju àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí gíláàsì náà lọ, ó fẹ́ẹ̀rẹ́ má gba ìka ọwọ́ kan. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Àwọ̀n irin lásán ló wà níwájú tiẹ̀, fáànù méjì péré tí kò tanná kankan ló sì ní. Nínú kéèsì àbúrò mi, ooru tí káàdì ń tú jáde kò ríbi gbà lọ kíákíá, ó ń yí po, fáànù káàdì náà sì ń fà á padà. Ó wá dà bí ẹni tó faṣọ borí sùn, tó ń mí èémí ara rẹ̀.

Ó béèrè bóyá báyìí la ó kúkú máa ṣí i sílẹ̀. Mo ní rárá o. Eruku á wọ ibẹ̀ láìsí asẹ́, ariwo á máa bọ́ sí i létí tààrà, fáànù iwájú àti ti ẹ̀yìn ò sì ní lè darí afẹ́fẹ́ gba ojú ọ̀nà kan mọ́. A ṣí gíláàsì yẹn láti fi béèrè ọ̀rọ̀ ni. Tí ooru bá já wálẹ̀ dáadáa nígbà tó o ṣí i, ẹ̀bi kéèsì ni. Tí kò bá ju dígírì kan sí méjì lọ, kéèsì rẹ dára, ibòmíì ni kó o yẹ̀ wò.

Ibòmíì yẹn náà ní àmì tirẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ooru chip àti ti hotspot nínú ohun tí mo sọ lókè: ó jẹ́ 14 kí a tó ṣí gíláàsì, ó jẹ́ 13 lẹ́yìn tí a ṣí i. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìyẹn fi hàn mí pé chip àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀ fẹnu kora dáadáa. Ká ní àlàfo náà fẹ̀ tó 30 ni, mi ò bá fura sí thermal paste, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi sáàárín chip àti irin yẹn, tó ti gbẹ tàbí tó ti sá kúrò láàárín, tàbí síkúrù tí kò le tó. Ìgbà míì sì wà tí ẹ̀bi jẹ́ ti káàdì lóòótọ́. Nígbà tí AMD gbé káàdì RX 7900 XTX jáde ní December 2022, hotspot àwọn kan lára èyí tí AMD fúnra rẹ̀ ṣe ń dé 110°C. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, AMD gbà pé omi tó wà nínú vapor chamber wọn, ìyẹn irin oníhò tí omi inú rẹ̀ ń gbé ooru kúrò lára chip, kò tó, wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn fáwọn tó rà á. Kò sí kéèsì tó lè tún ìyẹn ṣe.

## Ìṣirò tí kò sí lára páálí

Káàdì gíráfíìkì kì í gbé ẹrù, kì í fa omi. Yàtọ̀ sí fáànù àti iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, gbogbo iná mànàmáná tó wọ inú rẹ̀ ló ń di ooru. Èyí tó ń jẹ wáàtì 300 ń tú ooru wáàtì 300 jáde, ì báà jẹ́ fáànù méjì ló ní, ì báà jẹ́ mẹ́ta, ì báà jẹ́ omi ló ń tù ú. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò tí kò ní í rùn ìgbẹ́. Iṣẹ́ heatsink ni láti gba ooru yẹn lọ́wọ́ chip kó sì gbé e fún afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn bá wá gbà lọ, ọ̀rọ̀ kéèsì ni.

Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún àbúrò mi, torí mo mọ̀ pé nọ́ńbà ló máa gbọ́. Tí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú kéèsì kọjá bá jẹ́ lítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáàtì 300 á mú kí afẹ́fẹ́ yẹn fi nǹkan bíi dígírì 12 gbóná ju ti yàrá lọ nígbà tó bá fi máa jáde. Tí wọ́n bá dí iwájú kéèsì tó wá ku lítà 10, ó di dígírì 25. Ìyẹn kì í ṣe ooru chip o. Ooru afẹ́fẹ́ tí à ń retí pé kó tu chip lára ni. A ò sì tíì ka ooru CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, mọ́ ọn.

Mo wá fi káàdì ńlá tó fẹ́ lọ rà sínú ìṣirò kan náà. Wáàtì 450, kéèsì kan náà, lítà 10 kan náà: dígírì 37. Nínú yàrá tó wà ní 28°C, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn kéèsì yẹn á wà ní 65°C. Ó wo ìwé náà títí. "Ṣé ẹ ń sọ pé mi ò bá tún fowó ra ìyà kún ìyà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i.

Kéèsì ló pààrọ̀. Ó mú èyí tó ní àwọ̀n irin níwájú, fáànù méjì ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan ń tú u jáde lẹ́yìn, asẹ́ eruku kan tó ṣeé fà yọ sì wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Káàdì kan náà, géèmù kan náà, igbó kan náà: 72°C pẹ̀lú gbogbo ẹ̀gbẹ́ ní pípadé.

## Ẹrù tó bọ́ sọ́rùn ẹni tó rà á

Èyí ló mú kí n máa ro bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dé ibi tó dé. Àwọn káàdì ńlá àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ni chip ń ṣe fúnra wọn sábà máa ń ní fáànù kan ṣoṣo nínú ike tó bo gbogbo ara wọn. Fáànù yẹn ń ti ooru gba ẹ̀yìn káàdì jáde tààrà kúrò nínú kéèsì. Ariwo wọn burú. GeForce FX 5800 Ultra tó jáde ní 2003 pariwo débi pé àwọn èèyàn fún un ní orúkọ ẹ̀rọ tó ń fa eruku nínú ilé, Nvidia fúnra wọn sì ṣe fídíò láti fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. GTX 480 ti 2010 ń jẹ wáàtì 250, ooru rẹ̀ sì ń kọjá 90°C. Ní 2013, AMD sọ pé 95°C ni àwọn dìídì ṣe R9 290X pé kó máa dé tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Gbogbo wọn ni wọ́n bú nígbà náà, mi ò sì sọ pé kí wọ́n má bú wọn. Síbẹ̀, ooru ara wọn ò di ìṣòro CPU, kò sì di ìṣòro kéèsì. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí ara wọn jáde.

Lẹ́yìn náà ni fáànù méjì mẹ́ta tó kọjú sí heatsink gbalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra chip tí wọ́n sì ń tò ó ti ń ṣe é, àmọ́ ní 2018, pẹ̀lú RTX 2080, Nvidia fúnra rẹ̀ náà yí sí i. Ó dákẹ́, ó tutù, ó lẹ́wà. Ibi tó sì ń da ọ̀pọ̀ jù lọ ooru rẹ̀ sí ni inú kéèsì rẹ. Láàárín àkókò yẹn náà ni wáàtì ń gòkè. GTX 1080 ti 2016 ń jẹ 180. RTX 3080 ti 2020 ń jẹ 320. RTX 4090 ti 2022 ń jẹ 450, RTX 5090 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 sì ń jẹ 575. Iṣẹ́ kíkó ooru jáde ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe káàdì, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Ẹ yí páálí káàdì èyíkéyìí po, ẹ máa rí iye mẹ́mórì àti iye wáàtì tí power supply, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ ní. Ẹ ò ní rí i níbì kankan pé "kéèsì tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀ kò gbọdọ̀ lo èyí."

Mi ò pè é ní ẹ̀tàn. Orí tábìlì gbalasa tàbí nínú kéèsì tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ fàlàlà ni ọ̀pọ̀ ìdánwò tí à ń kà ti wáyé, òótọ́ sì ni nọ́ńbà ibẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni ibi tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń ti èèyàn sí. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ bíi ti inú ìdánwò kì í rò pé ibi tí òun gbé e sí ló fà á. Á ní nǹkan náà ò dáa, tàbí pé èyí tóun rà kéré, á sì lọ ra èyí tó tóbi jù. Àwọn tó ń ta èyí tó tóbi jù yìí ń jẹun lórí àìmọ̀ yẹn gan-an. Kì í ṣe káàdì nìkan, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní eré rẹ̀ "lè dé" iye báyìí, tàbí bátìrì tí wọ́n ní ó "lè lò tó" wákàtí báyìí. Ẹni tó tà á ló ṣèlérí, ìwọ tó o rà á ló máa wá àyè tí ìlérí náà á ti ṣẹ.

## Bí mo ṣe ń yan káàdì báyìí

Ojú kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 1080p tí kò sì kọjá 60 Hz, ìyẹn àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi káàdì tí wọ́n ṣe fún 4K, tí àmì àwòrán rẹ̀ pọ̀ ju ti 1080p àti 1440p lọ, ṣe, àfi kó máa gbóná lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́mórì: GB 8 ti há fún ọ̀pọ̀ géèmù tuntun tí wọ́n bá gbé àwòrán rẹ̀ sókè, kódà ní 1080p, GB 12 ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ fún 1440p. RTX 4060 Ti ti 2023 jáde ní GB 8 àti GB 16, chip kan náà, ibi tí mẹ́mórì bá sì ti kún ni èèyàn ti máa rí ìyàtọ̀ wọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń wo wáàtì, mo sì máa ń fi í ṣe onídàájọ́. Káàdì méjì tí eré wọn sún mọ́ra, èyí tó jẹ iná díẹ̀ ni mo máa mú, kódà tí ìkejì bá fi díẹ̀ yá ju ú lọ. Mo tún máa ń wo heatsink rẹ̀ ju iye fáànù rẹ̀ lọ. Mo ti rí káàdì RTX 4060 tó ní fáànù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ wáàtì 115 ni gbogbo ohun tó ń jẹ. Ọ̀ṣọ́ ni ìkẹta yẹn. Lórí káàdì wáàtì 320, ọ̀ṣọ́ kọ́.

Àwọn nǹkan tó kù ò gba àròjinlẹ̀, ó kàn gba kí èèyàn má gbàgbé ni. Fi rúlà wọn inú kéèsì kó o tó sanwó, torí àwọn ńlá kan gùn ju mílímítà 330 lọ, wọ́n sì nípọn ju àyè káàdì mẹ́ta lọ nínú kéèsì. Ojú ihò PCIe, ibi tí a ń ki káàdì bọ̀, ń fún káàdì ní wáàtì 75, wáyà onípínnì mẹ́jọ kan ń fún un ní 150, kó o fi mọ iye wáyà tí power supply rẹ gbọ́dọ̀ ní. Ní ti wáyà onípínnì 16 tí RTX 4090 ń lò, tí ẹnu rẹ̀ ń yọ́ lọ́wọ́ àwọn kan ní 2022, wọ́n ti tún un ṣe sí 12V-2x6. Síbẹ̀, tì í wọlé títí tí àlàfo kankan ò fi ní sí mọ́, má sì tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ nítòsí ẹnu rẹ̀. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà: káàdì tó dára lórí power supply tí kò tó, nínú kéèsì tó há, ìyà ló máa jẹ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà chip nìkan tàn yín. Lórí RTX 3090, GB 24 ni mẹ́mórì rẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátákó, níbi tí fáànù kankan ò kọjú sí. Chip lè wà ní 70°C wẹ́rẹ́, kí mẹ́mórì ẹ̀yìn yẹn ti kọjá 100°C. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

## Kí a gbà á lọ́wọ́ iná kó tó di ooru

Ọ̀nà ìtutù tí mo fẹ́ràn jù ò ní fáànù nínú rárá. Àwọn tó ń ṣe káàdì máa ń fi fóltéèjì tó pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sí i, torí chip kì í bára mu délẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí èyí tí kò dáa tó nínú wọn náà lè sáré tó bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Tí tìrẹ bá jẹ́ ọ̀kan lára èyí tó dáa, àfikún yẹn kàn ń di ooru ni.

Bí fóltéèjì bá sì ṣe ń yí padà, iná tí chip ń jẹ ń yí padà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ fi fóltéèjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ wá fi eré chip sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Tí eré náà kò bá yí padà, tí a sì gbé fóltéèjì láti 1.05 wá sí 0.90, iná tí chip fi ń ṣiṣẹ́ máa dín kù ní ohun tó lé díẹ̀ ní ìdámẹ́rin. Nínú MSI Afterburner, ètò tí a fi ń yí ìlò káàdì padà, ni a ti ṣe é: a ṣí ìlà fóltéèjì àti eré, a mú ojú àmì kan lórí rẹ̀, a tẹ́ ohun tó kù pẹrẹsẹ láti ibẹ̀ lọ. A rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ń gbá géèmù, tí géèmù bá já lójijì, a sún un sókè díẹ̀. Kò lè ba káàdì jẹ́, ohun tó burú jù tó lè ṣẹlẹ̀ ò ju kí géèmù já tàbí kí kọ̀ǹpútà tún ara rẹ̀ tàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà ìlà, kó kàn fa power limit, ìyẹn òpin iná tí káàdì lè jẹ, wá sí 80%. Fáàbàdà, ojú rẹ̀ ò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú géèmù, etí rẹ̀ nìkan ló máa mọ̀ ọ́n.

Àti pé kí la fẹ́ fi férémù, ìyẹn àwòrán, 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe lójú kọ̀ǹpútà tí kò lè fi ju 144 hàn? A dí i mọ́ 141. Ojú ìwé àkọ́kọ́ inú géèmù ló máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwòrán tó dúró sójú kan, orúkọ géèmù, bọ́tìnnì mẹ́rin, káàdì á sì máa yà á léraléra lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ó tó. Ní 2021, nígbà tí wọ́n ń dán géèmù tuntun kan wò, àwọn RTX 3090 kan kú sórí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó tò wọ́n gbà pé bí wọ́n ṣe jó àwọn ẹ̀yà kan mọ́ pátákó ni kò dára tó, àmọ́ férémù tí ẹnikẹ́ni ò dí ló jẹ́ kó hàn.

Nígbà tí a ṣe gbogbo èyí tán, káàdì àbúrò mi wá sí 63°C, ó sì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 230. Tí kò bá sí géèmù lórí rẹ̀, fáànù rẹ̀ á dúró pátápátá. Nígbà àkọ́kọ́ tó rí i bẹ́ẹ̀, ó pè mí, ó ní fáànù náà ti bà jẹ́. Mo ní bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn, tí kò bá ti gbóná, kò ní yí.

## Ti olómi ńkọ́?

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá wá ra ti olómi ńkọ́?" Ìbéèrè tó kàn nìyẹn, mo sì ti ń retí rẹ̀. Mo sọ fún un pé omi ń gbé ooru kúrò níbì kan lọ síbòmíì ni, kì í pa á. Radiator, irin pẹlẹbẹ tí omi náà ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló máa gbé e fún afẹ́fẹ́, ìṣirò lítà yẹn á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí omi ń ṣe dáadáa ni pé ó jẹ́ kí a lè yan ibi tí ooru máa ti jáde, ó sì wúlò gan-an fún káàdì wáàtì 450 sókè. Fún 230, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi ṣe ju pé kó lẹ́wà, ẹwà náà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Yàrá ló máa gba gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ti mọ ìyẹn, ó ti ń ṣí fèrèsé kó tó bẹ̀rẹ̀ géèmù.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára olómi, ibi tí radiator náà máa wà la ṣì ń fà báyìí. Ó fẹ́ kó wà níwájú, kí iná rẹ̀ lè máa hàn. Níwájú, afẹ́fẹ́ tútù ló máa kọ́kọ́ kàn án, ara káàdì á tutù, àmọ́ gbogbo ooru rẹ̀ á gba orí CPU àti mẹ́mórì kọjá kó tó jáde. Èmi ní kó wà lókè, kó máa tú ooru jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí radiator sì ga ju páǹpù lọ kí afẹ́fẹ́ inú omi má bàa kóra jọ sínú páǹpù. Dígírì díẹ̀ ni káàdì máa fi gbóná sí i tó bá wà lókè, ó sì ti sọ fún mi pé òun ò ní gbà láti pàdánù ẹyọ kan nínú dígírì yẹn. Mo ní kó gbé e síwájú lákọ̀ọ́kọ́ nígbà náà, kó kọ nọ́ńbà CPU sílẹ̀, kó tún wá gbé e sókè, kó kọ ọ́, ká jọ wo èyí tó máa mú.